Ìsinmi Ìbímọ: Bí Baba àti Ìyá Ṣe Ń Pín In, àti Ohun Tí Ó Já Sí fún Ìdọ́gba Ọkùnrin àti Obìnrin

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí a ti ń bímọ, ìbáà ṣe ilé àgbẹ̀, ilé oníṣòwò tàbí ilé akọ̀wé ìjọba. Nígbà tí obìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ owó oṣù bá bímọ, òfin fún un ní àkókò tí yóò fi sinmi, kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, kí ó sì tọ́jú ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní lífù ìbímọ. Ní ìlú wa, ìyá ọmọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìsinmi yìí mọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, baba ọmọ pẹ̀lú a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, a máa gba owó, a sì máa jókòó ti ọmọ nílé nígbà tí ìyá ọmọ bá ti padà sí ẹnu iṣẹ́.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín, kí ó sì béèrè pé, kí ni ọkùnrin fẹ́ fi ìsinmi ìbímọ ṣe? Kò lóyún, kò rọbí, kò sì ní ọmú tí ọmọ yóò mu. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Bí tọkọtaya ti ń pín ìsinmi yìí ní í ṣe pẹ̀lú owó tí obìnrin yóò máa gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ìlera rẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, àti pẹ̀lú bí ọmọ yóò ti mọ baba rẹ̀ tó. Ohun kan sì wà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti dán an wò ti kọ́ wa: bí òfin bá kàn wí pé ẹni tí ó bá wù nínú àwọn òbí méjèèjì lè gba ìsinmi náà, ìyá ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Àfi bí a bá yọ ti baba sọ́tọ̀, tí owó rẹ̀ sì jọjú, ni baba tó ń gbà á.

ORÍṢI ÌSINMI MẸ́TA

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìsinmi ìyá. Èyí ni ó pẹ́ jù lọ nínú òfin. Ní ọdún 1919, nígbà tí Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ṣe ìpàdé rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi ẹnu kò pé ó yẹ kí obìnrin òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ. Ní ọdún 2000, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 14. Ìsinmi yìí wà fún ara obìnrin tí ó rọbí, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a gbà á.

Èkejì ni ìsinmi baba. Èyí kì í pọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni, tàbí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí baba lè wà nítòsí nígbà tí ìyá bá bí, kí ó lè mójú tó ilé, kí ó sì ṣe ìkómọjáde.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi òbí. Èyí gùn ju àwọn méjì ìṣáájú lọ, torí pé títọ́jú ọmọ ni ó wà fún. Nígbà tí ara ìyá bá ti le, ọmọ ṣì kéré, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni náà lè jẹ́ ìyá, ó sì lè jẹ́ baba. Ìsinmi ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ni tọkọtaya lè pín, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

BÍ ÌSINMI TÍ A FÚN ÌYÁ NÌKAN TI LÈ DI ẸRÙ LÓRÍ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a rò ó bí ẹni tí ó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ti ń rò ó. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan wá wá iṣẹ́ kan náà. Ọjọ́ orí wọn kò ju ara wọn lọ, ìwé tí wọ́n kà dọ́gba, ọwọ́ wọn sì yá bákan náà. Ọ̀gá ronú nínú ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá gba obìnrin yìí, láìpẹ́ yóò bímọ, yóò sì lọ fún oṣù mélòó kan. Ta ni yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí mo bá gba ọkùnrin, bí ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ bí ìbejì, yóò wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì." Bí ọ̀gá náà kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, ọkùnrin ni yóò gbà. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọkùnrin ni yóò gbé ga.

Báyìí ni òfin tí a ṣe láti dáàbò bo obìnrin ṣe lè di ohun tí a fi ń dá a dúró. Kì í ṣe pé ìsinmi náà burú, nítorí obìnrin kò lè ṣe kí ó má sinmi lẹ́yìn ìbímọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé òun nìkan ni a gbé gbogbo ẹrù náà lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin pẹ̀lú ń lọ fún oṣù mélòó kan nígbà tí ó bá di baba, ọ̀gá kò ní rí ìdí tí yóò fi bẹ̀rù ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ohun tí a ń sọ yìí hàn nínú àkọsílẹ̀. Ní ọdún 2019, Henrik Kleven àti àwọn ọ̀mọ̀wé méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí orílẹ̀-èdè Dẹ́nmáàkì, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ gbogbo ènìyàn láti ọdún dé ọdún. Wọ́n fi owó tí ọkùnrin àti obìnrin ń gbà kí wọ́n tó bí àkọ́bí wé èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà. Kí ọmọ tó dé, owó àwọn méjèèjì ń lọ sókè pọ̀. Ní ọdún tí ọmọ dé, owó ìyá já wálẹ̀, ti baba kò yẹsẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, owó ìyá ṣì fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti baba nítorí ọmọ yìí. Ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì bí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó san owó rẹ̀.

OHUN TÍ SWÍDÌN ṢE NÍ ỌDÚN 1974

Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún èyí ṣe ni Swídìn, ní apá àríwá ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1974, ìjọba ibẹ̀ pa òfin ìsinmi ìyá tì, wọ́n sì fi òfin ìsinmi òbí rọ́pò rẹ̀. Òfin tuntun náà fún àwọn òbí ní oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n pín in bí ó ti wù wọ́n. Ìlú mìíràn kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé àwọn baba yóò sáré gbà á. Wọn kò gbà á. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, bí a bá ka gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí àwọn òbí gbà sí 200, ọjọ́ kan péré ni baba gbà nínú rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ìyá ni.

Ìjọba kò dákẹ́. Nínú àwọn ọdún 1970 yẹn, wọ́n ya àwòrán ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú mọ̀, Lennart Dahlgren, ẹni tí ó lókìkí nínú gbígbé irin wúwo. Ó síngbọnlẹ̀, apá rẹ̀ ki pọ́pọ́, ó sì gbé ọmọ ọwọ́ kan dání pẹ̀lú ẹ̀rín. Wọ́n lẹ àwòrán náà káàkiri, kí àwọn ọkùnrin lè mọ̀ pé gbígbé ọmọ kò sọ akin di ọ̀lẹ. Àwòrán náà gbayì, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di òní. Síbẹ̀ ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀ ni iye baba tí ó ń gba ìsinmi fi ń pọ̀ sí i.

Kí ni ó dá wọn dúró? Ohun mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Àkọ́kọ́ ni owó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, owó baba ni ó pọ̀ jù, nítorí náà bí ó bá jókòó sílé, ìdínkù tí yóò bá àpò ilé pọ̀ ju bí ìyá bá jókòó lọ. Ìkejì ni ojú ọ̀gá. Baba tí ó bá béèrè ìsinmi lè dà bí ẹni tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ìkẹta sì ni àṣà. Níwọ̀n ìgbà tí òfin ti ní kí wọ́n yàn, ohun tí a ti ń ṣe láti àtayébáyé ni wọ́n yàn. Baba kàn fi ọwọ́ sí ìwé pé òun fi ọjọ́ tòun sílẹ̀ fún ìyàwó òun, ọ̀rọ̀ sì parí.

OṢÙ BABA

Ní ọdún 1995, Swídìn gba ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó dúró ti ọ̀rọ̀ náà gbágbágbá ni Bengt Westerberg, tí ó jẹ́ mínísítà nínú ìjọba tí ó ṣe òfin náà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, wọ́n yọ oṣù kan sọ́tọ̀ fún òbí kọ̀ọ̀kan, tí kò ṣeé fi fún ẹnìkejì. Bí baba kò bá gba oṣù tirẹ̀, ó di òfo nìyẹn. Ìyá kò lè gbà á, ìjọba kò sì ní san owó rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní "oṣù baba".

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. A kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni, a kò sì bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà níwájú tọkọtaya ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, "Ta ni nínú wa ni yóò jókòó ti ọmọ?" Nísinsìnyí, ó di pé, "Ǹjẹ́ a óò jẹ́ kí oṣù tí ìjọba fún wa yìí ṣòfò?" Kò sí ilé tí ó fẹ́ràn kí ohun tí ó tọ́ sí i ṣòfò. Bákan náà, baba tí ojú ń tì láti bẹ ọ̀gá rẹ̀ rí ohun tí yóò wí: "Ọ̀gá, òfin ni. Bí n kò bá gbà á, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn."

Àbájáde rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó hàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé fi àwọn baba tí wọ́n bímọ kété kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ wé àwọn tí wọ́n bímọ kété lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn ti ìṣáájú, ó ju ìdajì lọ tí kò gba ọjọ́ kankan. Nínú àwọn ti ẹ̀yìn, àwọn tí kò gba ọjọ́ kankan kò tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ọkùnrin kan náà ni wọ́n, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé, oṣù díẹ̀ péré ni ó sì wà láàrin ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ wọn.

Ní ọdún 2002 wọ́n fi oṣù kejì kún un, ní ọdún 2016 wọ́n sì fi ẹ̀kẹta kún un. Bí ó ti rí lónìí nìyí. Fún ọmọ kan, àwọn òbí ní ọjọ́ 480. Ìdajì rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 240, jẹ́ ti ìyá. Ìdajì kejì jẹ́ ti baba. Nínú ọjọ́ 240 yìí, 90 kò ṣeé fi fún ẹnìkejì, ṣùgbọ́n a lè fi ìyókù ta á lọ́rẹ. Fún ọjọ́ 390 nínú ọjọ́ 480 náà, owó tí òbí ń gbà súnmọ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀, bí kò bá kọjá iye kan tí òfin là sílẹ̀. Fún 90 tí ó kù, owó kékeré kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Yàtọ̀ sí èyí, baba ní ọjọ́ 10 mìíràn nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ẹ̀yin lè béèrè pé, ta ni ó ń san owó náà? Ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ ń bá ṣiṣẹ́ kọ́ ni ó ń san án láti inú àpò ara rẹ̀. Gbogbo agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sínú àpò ìjọba gẹ́gẹ́ bí iye owó iṣẹ́ tí wọ́n ń san, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ó dà bí ẹgbẹ́ aláàjọ tí gbogbo ènìyàn ń dá owó sí, tí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn sì ń kó o. Nítorí náà ọ̀gá tí ó gba obìnrin mẹ́wàá síṣẹ́ kò san ju ẹni tí ó gba ọkùnrin mẹ́wàá lọ. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, torí ó mú kí ẹ̀rù owó kúrò nínú ọ̀rọ̀ gbígba obìnrin síṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí yóò dùn mọ́ àwọn ìyá àgbà wa nínú. Láti oṣù keje ọdún 2024, òbí kọ̀ọ̀kan ní Swídìn lè fi tó ọjọ́ 45 nínú ìsinmi tirẹ̀ fún ẹlòmíràn tí yóò bá a tọ́jú ọmọ, bí ìyá àgbà tàbí baba àgbà, ìjọba yóò sì san owó fún ẹni náà. Àwọn baba wa ti wí pé ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Swídìn ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé òfin.

ARÁ ILÉ A MÁA WO ARÁ ILÉ

Orílẹ̀-èdè Nọ́wè, tí ó jẹ́ aládùúgbò Swídìn, ti ṣe irú òfin yìí ní ọdún 1993, nígbà tí wọ́n yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún baba. Ṣáájú ìgbà náà, nínú 100 baba, kò tó 5 tí ó ń gba ìsinmi. Kété tí òfin náà dé, ó di nǹkan bí baba kan nínú mẹ́ta, iye náà sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ṣe ìwádìí kan tí a gbé jáde ní ọdún 2014. Wọ́n rí i pé ìsinmi tí baba kan bá gbà kì í mọ sí ilé tirẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá gbà á, ó túbọ̀ rọrùn fún àbúrò láti gbà á nígbà tí tirẹ̀ bá dé. Bí ẹnìkan bá gbà á níbi iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a tẹ̀lé e. Ti ọ̀gá ni ó sì lágbára jù: bí ọ̀gá bá lọ fún ìsinmi tí ó sì padà bọ̀ wá bá ipò rẹ̀, àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a mọ̀ pé kò séwu. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún àwọn ọba, ìjòyè, olùkọ́ àgbà àti alága ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ kò ṣòro láti rí.

OHUN TÍ Ó TI YÍ PADÀ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ TÍÌ YÍ PADÀ

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ní Swídìn lónìí, nínú 100 ọjọ́ ìsinmi òbí, baba ń gba nǹkan bí 30. Ó ju ọjọ́ kan nínú 200 ti ọdún 1974 lọ lọ́nà tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe 50. Ó gbà wọ́n tó àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ìwádìí tí ó fi hàn pé oṣù baba ti ọdún 1995 mú àwọn baba wá sílé tún fi ohun mìíràn hàn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà díẹ̀, tí ara wọn kò bá yá, tí òbí kan sì ní láti pa iṣẹ́ tì nítorí wọn, ìyá ni ó ṣì ń pa iṣẹ́ tì ju baba lọ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Oṣù kan ṣoṣo kò tó láti yí ìwà ilé padà. Bákan náà, láti ọdún 2008 títí di ọdún 2016, ìjọba fi owó ẹ̀bùn kún ti àwọn tọkọtaya tí ó bá pín ìsinmi wọn dọ́gba. Ẹ̀bùn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà, wọ́n sì mú un kúrò. Ohun tí ẹ̀bùn kò lè ṣe, ọjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ ṣe é.

Àǹfààní kan sì wà tí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe òfin náà kò fi sí iwájú. Ní ọdún 2012, Swídìn ṣe òfin tí ó gba baba láàyè nígbà náà láti wà nílé pẹ̀lú ìyá lẹ́ẹ̀kan náà fún tó ọjọ́ 30, kí ó sì mú ọjọ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá ti nílò rẹ̀. Bí ara ìyá kò bá yá lónìí, baba lè má lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Petra Persson àti Maya Rossin-Slater ṣe àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ìyá ṣáájú òfin yìí àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, iye àwọn ìyá tí dókítà ní láti fún ní oògùn àìbalẹ̀ ọkàn dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn tí ó ní láti padà sí ilé ìwòsàn nítorí ìpalára ìbímọ náà dín kù. Kì í ṣe oògùn tuntun ni ó ṣe èyí. Ọkọ tí ó lè wà nílé ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ ni.

TI ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó yẹ kí a sọ ti ibẹ̀. Ní ọdún 2003, wọ́n fún baba ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọdún 2015, wọ́n ṣe òfin pé ìyá lè dá ìsinmi tirẹ̀ dúró, kí òun àti baba sì pín ìyókù, tí ó lè tó ọ̀sẹ̀ 50, èyí tí a ó san owó lórí 37 nínú rẹ̀.

Lójú ìwé, òfin náà dára. Ṣùgbọ́n kò yọ ohunkóhun sọ́tọ̀ fún baba nínú àwọn ọ̀sẹ̀ gígùn yẹn. Inú ti ìyá ni ti baba ti ń wá. Owó tí òfin là sílẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Nítorí ìdí méjèèjì yìí, ìwọ̀nba baba díẹ̀ ni ó ń lò ó. Ohun tí Swídìn rí ní ọdún 1974 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rí.

NÍ ORÍLẸ̀-ÈDÈ WA

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà, ní abala 54, sọ pé obìnrin òṣìṣẹ́ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bí, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí ó bá bí. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ san ó kéré tán ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Kí gbogbo ọmọbìnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni mọ èyí, nítorí ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò lè béèrè rẹ̀.

Òfin yìí kò dárúkọ baba rárá. Owó náà sì ń ti àpò ọ̀gá jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ohun tí a sọ lókè yóò rí i pé irú ètò yìí gan-an ni ó lè mú kí ọ̀gá máa sá fún gbígba obìnrin síṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ ti wáyé nínú iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ìbímọ àkọ́kọ́ àti ìkejì, wọ́n sì fún baba ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ̀ pé ọkùnrin òṣìṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ ní ẹ̀tọ́ sí ọjọ́ 14, kì í ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàrin ọdún méjì. Ọjọ́ 14 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ti baba ni, kò sì sí bí ó ti lè fi fún ẹlòmíràn. Bí àwọn orílẹ̀-èdè tí a dárúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú díẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀.

TI ÀGBẸ̀ ÀTI TI OLÓṢÒWÒ

Ẹnìkan nínú yín yóò wí pé, "Èmi kì í gba owó oṣù. Kò sí ọ̀gá tí yóò fún mi ní lífù." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí ó ń ná ọjà ọrọọrún. Bí ó bá fi ogójì ọjọ́ jókòó nílé lẹ́yìn ìbímọ, ọjà ti ná nígbà mẹ́wàá láìsí òun níbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ìsọ̀ ẹlòmíràn. Èsúsú tí ó ń dá kò dúró dè é. Ojú owó rẹ̀ sì ti di ohun tí a fi ra ọṣẹ, aṣọ àti oúnjẹ. Òun náà ti san ìdá kan nínú márùn-ún tirẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀mọ̀wé tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò wí pé àṣà wa kò gba kí ọkùnrin tọ́jú ọmọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ilé ti rí nígbà tí àṣà náà ń múlẹ̀. Nínú agbo ilé, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó a wá wẹ ọmọ, ìyálé wà, àwọn ìyàwó ilé wà. Baba lè lọ sí oko, nítorí ọwọ́ tí ó wà nílé pọ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé yàrá kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tọkọtaya nìkan. Ìyá àgbà wà lábúlé. Bí baba bá jáde lówùúrọ̀ tí ó sì padà lóru, ìyá ọmọ kò ní ẹnìkejì. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Nígbà tí igba ojú kò sí nítòsí mọ́, àwọn ojú tí ó wà ni yóò pín iṣẹ́ náà.

Ohun tí baba lè ṣe kò le. Fífún ọmọ lọ́mú nìkan ni kò lè ṣe. Ó lè pọn omi, ó lè wá igi ìdáná, ó lè wẹ àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà kí ó sì mú wọn lọ sí ilé ìwé. Ó lè gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá, kí ó sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ó lè dúró ti ọmọ nígbà tí ìyá bá ti le tó láti padà sí ìsọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Nínú ilé tí ọmọkùnrin ti rí baba rẹ̀ tí ó ń ṣe èyí, kò ní dà bí ohun ìtìjú lójú rẹ̀ nígbà tí ó bá di baba.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé bí ọmọ bá dára, ti baba ni; bí ó bá burú, ti ìyá ni. Ó tó àkókò kí baba tí ó fẹ́ jẹ ògo ọmọ rere pín nínú iṣẹ́ àìsùn òru rẹ̀. Ẹ̀yin tí ó ní ọmọkùnrin nínú iṣẹ́ ìjọba, ẹ sọ fún un pé ọjọ́ 14 wà fún un, kí ó sì gbà á. Ẹ̀yin tí ó ní ọmọbìnrin ní ilé iṣẹ́ aládàáni, ẹ ka abala 54 sí i létí. Ẹ̀yin tí ó sì ń gba ènìyàn síṣẹ́, bí òṣìṣẹ́ yín ọkùnrin bá wá wí pé ìyàwó òun ti bí, ẹ má ṣe bi í léèrè pé kí ni ó fẹ́ lọ ṣe nílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìdọ́gba tí a ń wá ní ọ́fíìsì àti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ibi tí ọmọ ọwọ́ ti ń sunkún ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀.